Lẹ́tà Ìkẹ́dùn lórí Alàgbà Fájẹ́misìn Ọ̀jẹ̀níyì, Olùṣọ́ Àpáta Ẹja ní Ìdí-Òkúta, àti lórí Ìwé tí Wọ́n ní kí Opó Rẹ̀ Tẹ̀ka Sí

Ẹgbẹ́ Apẹja àti Ẹlẹ́ja Odò Ògùn,
Ẹ̀ka Owódé Ẹ̀gbá.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Sí ìyá wa Ọ̀ṣungbèmí Ọ̀jẹ̀níyì, sí Pamílẹ́rìn ọmọ wọn, àti sí gbogbo ẹbí ní Ìdí-Òkúta.

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.

Ọkàn tó gbọgbẹ́ ni a fi ń kọ lẹ́tà yìí, ọwọ́ wa kò sì yá láti kọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé, ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí, Alàgbà Fájẹ́misìn, ọkọ yín, wọ Odò Ògùn ní iwájú ilé yín láti ṣe iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yìí rán wọn, wọn kò sì fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde mọ́. Ẹ ti sin wọ́n sí etí odò gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìdílé yín. A wà níbẹ̀, a sì rí i bí ẹ ṣe dúró láìfi ara ti ẹnikẹ́ni.

A ò bá ti fi ọ̀rọ̀ wa mọ sí orí ìkẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejìlá oṣù yìí, tó jẹ́ ọjọ́ kẹjọ tí ọkọ yín kú, Ọ̀gbẹ́ni Olúmidé, aṣojú ìjọba, wá bá yín nílé pẹ̀lú ìwé kan. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni ọjọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni tí a fi odindi ọdún mẹ́ta wá lọ́jọ́ iṣẹ́ tí a kò rí, òun ló rí ọ̀nà Ìdí-Òkúta lọ́jọ́ ìsinmi. Ó ní kí ẹ tẹ̀ka sí i pé ọkọ yín rú òfin, pé wọ́n wọ ibi tí ìjọba dáàbò bò láìgba àṣẹ. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀tunla. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi gùn, tí a sì fi ní kí Pamílẹ́rìn kà á sí yín létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ẹni tí a pàdánù.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Alàgbà Fájẹ́misìn fi ṣọ́ àpáta méje tó wà lábẹ́ omi ní kọ̀rọ̀ odò yẹn. Bàbá wọn ló ṣọ́ ọ kí ó tó kàn wọ́n. Láàárín àwọn àpáta náà ni àrọ̀ àti ẹpìyà ti ń yé, ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ti ń gbó kí ó tó jáde sínú odò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Alàgbà a ri òpó mẹ́ta mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọn a so màrìwò mọ́ ọn, ó parí. Láti ọjọ́ náà títí omi yóò fi fà ní oṣù Kọkànlá, kò sí ẹni tó máa ju àwọ̀n kọjá màrìwò. Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ kì í kọjá rẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì kì í kọjá rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí ìwé, kò sì sí kọmítì. Ẹja sì wà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, nígbà tí omi kún gba oko, a rántí pé àká àgbàdo yín wà nínú omi dé ìdajì. Kí Alàgbà tó yà síbẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ wa ọkọ̀ lọ wo òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bóyá omi ti gbé e lọ. Ẹ̀yin náà lẹ bá wọn jà lórí rẹ̀ lójú wa. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fẹ́ àwọn ẹja yẹn níyàwó, kí n lè ráyè fẹ́ ẹni tó máa bá mi kó àgbàdo." Alàgbà rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. Wọ́n kó àgbàdo náà nígbẹ̀yìn, èyí tó ṣẹ́ kù.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni òfin dé. Òfin tó dára ni lórí ìwé. Ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó sì sọ pé gbogbo ibi tí ẹja ti ń yé nínú odò di ibi ààbò, pé ọ́fíìsì mẹ́rin ni yóò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti máa dáàbò bò ó: èyí tó ń rí sí ẹja, èyí tó ń rí sí àyíká, èyí tó ń rí sí ojú omi, àti èyí tó ń fúnni láṣẹ láti wa yanrìn. A kò ní pe orúkọ ọ̀kankan nínú wọn nínú lẹ́tà yìí. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà wá. Lẹ́tà òkú èèyàn rere ni èyí, a kò fẹ́ da orúkọ wọn pọ̀ mọ́ ti Alàgbà.

Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn kan ní Owódé. Ọ̀gbẹ́ni Olúmidé ló ṣojú ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dojú kọ Alàgbà Fájẹ́misìn, ó ní, "Bàbá, ẹ tú ewé yẹn kúrò o. Òfin ò mọ màrìwò. Pátákó ìjọba ló ń bọ̀ níbẹ̀, ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa lu òǹtẹ̀ sí i."

Alhaja Àlímátù, alága wa, dìde. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí pátákó kọ́kọ́ dé ná. Àbí ẹ̀yin, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ṣòkòtò, ṣé ojú títì lẹ ti máa ń bọ́ tìdí yín sílẹ̀, kí télọ̀ tó gé tuntun?"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Olúmidé náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alhaja, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni."

Alàgbà Fájẹ́misìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọn kò lọ sílé ìwé rí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìwé ju àwa tí a mọ ohun tí ìwé lè ṣe. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, wọ́n wa ọkọ̀ lọ, wọ́n tú màrìwò lára òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì fa òpó náà tu. A ní kí a kọ èyí sílẹ̀ láìfi bò, nítorí ìwé tí wọ́n gbé wá fún yín kò kọ ọ́. Ọwọ́ ọkọ yín ló tú u. Ẹnu ìjọba ló ní kí wọ́n tú u. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí a mọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn: wọ́n gba àwọn aláṣọ kóòtù gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà di ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Pátákó kò dé. Kì í ṣe igi ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ọ̀dà. Ohun tí àwọn ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jà lé lórí ni orúkọ ta ni yóò wà lókè. Ọ́fíìsì ẹja ní ẹja ni ìdí ọ̀rọ̀, òun ló yẹ kó ṣíwájú. Ọ́fíìsì ojú omi ní kò sí ẹja tó ń gbé lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ́fíìsì àyíká ní omi àti ẹja, inú àyíká ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìkẹrin kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń fún àwọn awayanrìn ní ìwé àṣẹ.

Ìgbà mọ́kànlá ni Alàgbà Fájẹ́misìn gbé fáìlì lọ sí Ìbarà, níbi tí àwọn ọ́fíìsì náà wà, láti béèrè pátákó. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2021 ni àkọ́kọ́. Wọ́n gun ọ̀kadà láti Ìdí-Òkúta dé Owódé, wọ́n wọ ọkọ̀ dé Abẹ́òkúta, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ ní kì í ṣe ibẹ̀. Wọ́n lọ sí ìkejì, ìyẹn náà ní kì í ṣe ibẹ̀, ó sì júwe ti àkọ́kọ́ fún wọn. Nígbà karùn-ún, ní oṣù Keje ọdún 2022, òjò pa wọ́n láti ìdíkọ̀. Wọ́n jókòó pẹ̀lú aṣọ tútù lórí bẹ́ńṣì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, kí ẹnì kan tó wá sọ fún wọn pé ọ̀gá kò sí nílùú. Ó ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ṣe lè máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀. A kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

Nígbà kẹjọ, ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ọ́fíìsì ní kí wọ́n lọ mú fọ́tò ibi náà wá. Alàgbà wá ayafọ́tò dé Owódé, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé e padà lọ. Ọmọ náà wò ó, ó yí i, ó tún wò ó.

"Bàbá, omi nìkan ni mo rí níbí. Àpáta dà?"

"Abẹ́ omi ló wà, ọmọ mi. Ẹja ló ń gbé ibẹ̀."

"Ẹ lọ ya èyí tó hàn wá."

Alàgbà sọ ìtàn yìí fún wa nípàdé láìbínú. Wọ́n tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ náà, wọ́n ní ọmọdé ni. Àwa ni a bínú.

Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn dé ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó dúró sí ìdí àpáta kẹta. Alàgbà wa ọkọ̀ lọ bá wọn. Olórí àwọn awayanrìn náà kò bú Alàgbà, a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá, wọ́n ti sọ fún mi pé ibi ààbò wà lójú odò yìí. Pátákó rẹ̀ dà? Ẹ fi hàn mí, kí n gbé ẹ̀rọ mi kúrò báyìí báyìí." Kò sí pátákó. Kò sì sí màrìwò mọ́. Alàgbà dúró nínú ọkọ̀ wọn, wọn kò rí nǹkan kan nawọ́ sí. Àwọn awayanrìn fa yanrìn láti àpáta kẹta dé ìkẹfà, àwọn ọkọ̀ tipa ń kó o lọ ní etí odò lójoojúmọ́. Ní àkókò òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá ẹlẹ́ja wa máa ń jókòó ti agbada lófìfo. Àrọ̀ tí a rí pa kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún yìí, ẹgbẹ́ wa jókòó, a sì pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. A ní kí màrìwò padà sí ojú omi, kí pátákó dé ìgbà tó bá wù ú. A ń wá ẹni tí a ó rán. Alàgbà Fájẹ́misìn ní kí a má wá ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Èmi ni mo tú u. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi so ó." Gbogbo wa nawọ́ sókè, akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí. Nígbà tí a wá wọn débẹ̀, a rí ọkọ̀ wọn níbi tí wọ́n so ó mọ́. Òpó méjì ti dúró, màrìwò wà lórí rẹ̀, ó so dáadáa. Níbi òpó kẹta ni wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ odò tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti kékeré, tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Ìsàlẹ̀ náà kò sí mọ́. Kòtò tí ẹ̀rọ yanrìn gbẹ́ ló wà níbẹ̀, kòtò tó ní ìwé àṣẹ, tó sì ní òǹtẹ̀.

Ìyá wa, ohun tó tẹ̀ lé ikú yìí ni kò jẹ́ kí a sùn.

Àwọn ọ́fíìsì mẹ́rin tí kò lè jókòó sórí tábìlì kan láti ọdún 2021, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí wọ́n jókòó. Ọjọ́ keje tí ọkọ yín kú ni. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó jà lórí orúkọ ta ni yóò wà lókè. Òǹtẹ̀ mẹ́rin wà nísàlẹ̀ ìwé, wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí eyín. Ohun tí ìwé náà sì sọ ni pé láti ọdún 2021 ni àpáta Ìdí-Òkúta ti wà lábẹ́ ààbò tó péye. Ààbò tó péye! Odò tí kò ní olúwa nígbà tí ẹ̀rọ ń gbẹ́ ẹ, ó di ti èèyàn mẹ́rin lọ́jọ́ tó pa èèyàn, kí ẹ̀bi má baà kan ẹnì kankan nínú wọn.

Wọ́n tún fi káàdì ìkẹ́dùn mẹ́rin ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ọ̀kan pe Alàgbà Fájẹ́misìn ní Alhaji. Òmíràn pè wọ́n ní ọ̀dọ́ tó ń dàgbà bọ̀. Ẹ̀kẹta bá "ọkọ tó fi sílẹ̀" kẹ́dùn. Ẹ̀kẹrin kọ orúkọ wọn re, ṣùgbọ́n ó kí wọn kú oríire. A ti kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa mọ́ sínú fáìlì, nítorí a kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kàn.

Pamílẹ́rìn ti sọ fún wa bí ó ṣe lọ nílé yín. Ọ̀gbẹ́ni Olúmidé jókòó, ó ní, "Màmá, ìwé lásán ni. Ẹ kàn tẹ̀ka síbẹ̀, kí a lè pa fáìlì dé."

Ẹ bi í pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ó ní, "Pé ibẹ̀ ò ṣeé wọ̀ ni."

Pamílẹ́rìn gbà á, ó kà á. Ó ní, "Ìyá mi, wọ́n ní Bàbá rú òfin ni o."

Ẹ sì dá Ọ̀gbẹ́ni lóhùn pé, "Ta ni ó wọ̀ ọ́ jù, ọkọ mi tàbí kátápílà tó ń fa yanrìn?" Ìgbà náà ló tó sọ ti ọkọ̀ ojú omi Alàgbà, pé ìjọba ti gbé e lọ fún ìwádìí, pé ẹ kò ní rí i gbà àyàfi tí ẹ bá tẹ̀ka. A mọ ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́ fún yín. Òun ni ọ̀nà oko yín, òun ni oúnjẹ yín. Ó mọ̀ ọ́n náà, ìyẹn ló jẹ́ kó fi í sí ìparí ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ ti ṣe.

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Iléyá, tí àwọn Mùsùlùmí wa ṣì ń wá àgbò, a pe ìpàdé. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wá, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wá. A kọ ìwé tiwa. A kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àwa ni a rán Alàgbà Fájẹ́misìn lọ, pé ẹnu iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n kú sí, pé ìjọba ló ní kí wọ́n tú ààbò kúrò, tí kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Gbogbo wa fọwọ́ sí i, ẹni tí kò lè kọ̀wé tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà ni a wa ọkọ̀ mẹ́rin lọ, tí a so okùn mọ́ ara wa, tí a sì ri òpó kẹta.

Ọ̀gbẹ́ni Olúmidé gbọ́, ó pe Alhaja Àlímátù lórí fóònù. Ó ní òfin náà sọ pé ẹgbẹ́ tó bá rán èèyàn wọ ibi ààbò yóò pàdánù ìwé àṣẹ ìpẹja, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pátá. Òótọ́ ni, ó wà ní ojú ìwé kọkàndínlógún. Alhaja ní, "Ṣé ìwé àṣẹ láti pa ẹja tí ẹ ti kó lọ pẹ̀lú yanrìn? Ẹ wá gbà á. Ẹ má gbàgbé mú ọkọ̀ tí ẹ máa fi kó o dání, torí ó pọ̀." Láàárọ̀ yìí tí ọ́fíìsì ṣí lẹ́yìn ọdún, Alhaja àti akọ̀wé gbé ìwé wa lọ sí Ìbarà. Ọ́fíìsì mẹ́ta ní kí a gbé e lọ sí ìkẹrin. Ìkẹrin ní ẹni tó ń gba lẹ́tà kò tíì ti Iléyá dé. Alhaja gbé àga síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó, wọ́n ní Iléyá ọdún tó ń bọ̀ ni àwọn fẹ́ dúró dè. Nígbà tó di aago méjì, ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbà á. Ẹ̀dà rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ní ti ọkọ̀, Abdulbaqi, tó ń kan ọkọ̀ fún wa, ti gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Yóò dé etí odò yín lọ́la, ti ẹbí yín ni títí láé. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ni yóò máa ṣọ́ àpáta náà lójoojúmọ́. Tí Ọ̀gbẹ́ni bá sì dé lọ́jọ́ Ẹtì, kò ní bá ẹ̀yin nìkan.

Ìyá wa, a kò pàṣẹ fún yín. Bí ó bá rẹ̀ yín, tí ẹ sì tẹ̀ka kí wọ́n lè fi yín sílẹ̀, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ yìí tí yóò wò yín lójú burúkú. A mọ bí ilé ṣe ń rí lẹ́yìn tí àwọn abánikẹ́dùn bá lọ tán. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kò pọn dandan fún yín mọ́. Bí òfin bá ń wá ẹni tó rú u, ó ti ní orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta níwájú rẹ̀, orúkọ ọkọ yín kò sì sí lára wọn.

Kí Elédùmarè tù yín nínú, ẹ̀yin àti Pamílẹ́rìn àti gbogbo ẹbí. Kí Ó fún yín ní oorun. Kí Ó jẹ́ kí Alàgbà Fájẹ́misìn sinmi lọ́dọ̀ àwọn baba wọn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sọ fún wọn pé kì í ṣe ibẹ̀. Àmín, àṣẹ.

Àwa ni tiyín nínú ọ̀fọ̀ yìí,

Alhaja Àlímátù Sàlàhúdíìnì, Alága.
Bọ́lárìnwá Dáramọ́lá, Akọ̀wé.
Lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.